Ìrẹsì díndín pẹ̀lú ẹran lílọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Òṣìṣẹ́ Òkè-Mọ̀sán:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ ìdáná ni mo gbé wá síwájú yín. Aago márùn-ún ni mo máa ń kúrò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Pánṣẹ́kẹ́ já kí n sì dé ilé ní Adìgbẹ, aago mẹ́fà ààbọ̀ a ti lù. Ọmọ mẹ́ta ni ó ń dúró dè mí, ìrẹsì díndín sì ni oúnjẹ kan ṣoṣo tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa ń jẹ láìjà. Ẹran lílọ̀ ni mo rò pé yóò yá jù, nítorí pé a kò ní kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ fún wákàtí kan bí a ti ń ṣe sí ẹran màlúù gígé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo se ìrẹsì, mo da ìdajì kìlò ẹran lílọ̀, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà tútù àti àlùbọ́sà sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú òróró, mo sì da ìrẹsì gbígbóná lé wọn lórí. Ẹran náà tú omi aláwọ̀ eérú jáde, ó sì dì ní kókó-kókó. Ìrẹsì rọ̀ bí túwó, bẹ́ẹ̀ kárọ́ọ̀tì kò tíì jinná rárá. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ kí a tó jókòó jẹun, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ sì ti sùn lọ sórí àga. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí yóò fi gbẹ, tí yóò sì yá?

Ìdáná Ìbàrà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Oúnjẹ òde ìnáwó ni mo ń sè jẹun, mo sì ti rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi débi pé mo lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí níbẹ̀. Ẹran yín kò dín, ó bọ̀ ni. Bí ẹran tútù bá pọ̀ nínú ìkòkò tóóró, omi tó ń jáde lára rẹ̀ kì í rí àyè gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì wà nídìí ìkòkò, ooru ibẹ̀ kò lè ju ti omi híhó lọ, èyí tí í ṣe 100 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru tó ju ìyẹn lọ dáadáa ni ó ń mú ẹran pọ́n, òun náà ni ó ń fún un ní òórùn tí ń pe ènìyàn wá láti ìta. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ agbada ìrẹsì díndín gbọ́dọ̀ ti gbẹ kí ó tó wọ ibẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ohun tí iná lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ẹ gbé agbada fífẹ̀ tó nípọn kaná, irú èyí tí a fi ń dín àkàrà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí ṣíbí òróró méjì tó wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìdajì ẹran náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ má sì rò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè dúró, ṣùgbọ́n ìdúró yìí gan-an ni ó ń mú ìdí ẹran pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu ṣíbí onígi fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì máa dín in títí omi yóò fi gbẹ tán. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa etí: omi híhó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, òróró ń ta ṣáṣá. Ìgbà tí ohùn bá yí padà ni kí ẹ fi iyọ̀ àti mágí sí i, nítorí pé iyọ̀ tó bá tètè wọ ẹran lílọ̀ ń fa omi rẹ̀ jáde, ó sì ń mú kí ó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kó o sínú àwo, kí ẹ wá ṣe ìdajì kejì bákan náà.

Nínú òróró kan náà ni àlùbọ́sà, aáyù àti ata ilẹ̀ yóò ti dín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó wá bu ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ kọ́rì àti táìmù díẹ̀ sí i. Kọ́rì gbọ́dọ̀ bá òróró pàdé kí ó tó bá ìrẹsì pàdé, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òórùn tútù rẹ̀ kò ní lọ, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní ràn káàkiri. Kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù tí ẹ gé kéékèèké tó hóró ẹ̀wà ni yóò tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Títóbi ni kárọ́ọ̀tì yín tóbi tí kò fi jinná. Lẹ́yìn èyí ni ìrẹsì tútù, lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi ìdí ṣíbí tẹ kókó rẹ̀ fọ́. Ẹran padà wọlé, tàtàṣé tútù àti àlùbọ́sà eléwé sì kẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún sí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lọ bí ìrẹsì bá ti wà nílẹ̀.

Mo sọ pé ìrẹsì tútù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí i. Bí ìrẹsì sísè bá sùn di ọjọ́ kejì, ohun tó mú un lẹ̀ nígbà tó gbóná a máa le padà, omi ara rẹ̀ a sì dínkù, hóró kọ̀ọ̀kan a wá dá dúró. Ní tèmi, ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń se ti gbogbo ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ sínú fíríìjì.

Ọmọ Alápatà Láfẹ́ńwá:

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ̀rọ̀ agbada tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹran, nítorí pé iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe ní ilé ìpẹran Láfẹ́ńwá ni ó fi tọ́ wa dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ẹran fún lílọ̀ a máa béèrè itan tí kò ní ọ̀rá rárá, nítorí pé ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀ lórí iná, ó di bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ ní kí alápatà gé apá tàbí ìdí ọrùn fún yín, níbi tí ọ̀rá wà láàárín ẹran, kí ẹ sì sọ fún un kí ó má yọ ọ̀rá náà dànù. Bí ẹran bá jẹ́ ìdá mẹ́rin tí ọ̀rá jẹ́ ìdá kan, ó ti tó.

Ohun kejì tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú kéré ni fífọ̀. Mo mọ̀ pé àwa kò lè mú ẹran láti ọjà kí a má fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹran tí a ti lọ̀ kò ṣe é fọ̀ mọ́, nítorí pé ńṣe ni yóò mu omi náà bí kànìnkànìn, omi yẹn ni yóò sì tú sínú ìkòkò yín lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì wà ní odidi, ẹ fi aṣọ ìdáná tó mọ́ nù ún gbẹ, kí ẹ tó gé e fún lílọ̀. Ẹ fi í sínú fírísà fún ogún ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ le díẹ̀. Ẹran tó tutù ni ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń gé, èyí tó gbóná ń fà bí okùn ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ẹran lọ sí ọ̀dọ̀ alọta. Ata àti ẹ̀wà tó kù nínú ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹran, ẹran tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ata ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ ìlọran lè lo ọ̀bẹ ńlá tó mú: kí ó rẹ́ ẹran náà pẹlẹbẹ, kí ó tún un rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì máa bẹ́ ẹ lórí pákó títí yóò fi wẹ́. Ìdajì kìlò kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ́ lára, ó sì máa ń dùn lẹ́nu ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Amẹ́ríkà:

Ẹ kú ilé o. Níbí, wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọ̀rá sí ara ike ẹran lílọ̀: 80/20 túmọ̀ sí pé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ẹran, ogún jẹ́ ọ̀rá, òfin kò sì gba kí ọ̀rá ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí Ọmọ Alápatà sọ bá 80/20 mu gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀rá náà pọ̀ jù lẹ́yìn tí ẹran dín lè fi ṣíbí bu díẹ̀ kúrò, kí ó sì fi ìyókù dín àlùbọ́sà dípò kí ó tún da òróró mìíràn.

Ìyá Àgbà Ìtòkú:

Ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀, o kú wàhálà àwọn ọmọ. Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ, ó sì dára, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó dárúkọ omi ẹran. Ìrẹsì díndín tí a fi omi lásán sè, ìbáà gbẹ, ìbáà funfun, kò lè ní adùn nínú hóró rẹ̀. Òde rẹ̀ nìkan ni yóò dùn. Ní ayé tiwa, omi tí a fi bọ ẹran tàbí adìyẹ ni a fi ń sè é, ẹ̀dọ̀ màlúù tí a gé wẹ́wẹ́ ni a sì ń dà sí i. Ẹran lílọ̀ tí ẹ fẹ́ lò kò ní omi tí ẹ lè fi se ìrẹsì. Kí ni yóò rọ́pò rẹ̀?

Ìdáná Ìbàrà:

Ìyá wa, òótọ́ pọ́nńbélé ni ẹ sọ, mo sì tọrọ àforíjì pé mo fò ó. Ní Sátidé tí mo bá ti ọjà Kútọ̀ dé, mo máa ń bọ eegun àti àjákù ẹran pẹ̀lú àlùbọ́sà, táìmù àti iyọ̀ fún wákàtí méjì, mo máa ń sẹ́ omi rẹ̀, mo sì ń pín in sínú ike kéékèèké sínú fírísà. Ike kan àti omi díẹ̀ ni mo fi ń se ìrẹsì. Ife ìrẹsì kan sí ife omi kan àtààbọ̀ ni ìwọ̀n mi fún ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó yọ èèpo rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń rà ní àpò lọ́jà, lẹ́yìn tí mo bá ti fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ó máa ń le díẹ̀ láàárín, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ, nítorí pé agbada yóò parí rẹ̀. Àwo tí ẹ bá kó ẹran díndín sí náà a máa sun omi díẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má dà á nù, ẹ wọ́n ọn sórí ìrẹsì ní ìparí.

Olùkọ́ Sàpọ̀n:

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè fi ìrẹsì Ọ̀fàdà ṣe é? Ilé wa ni ó ti ń wá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àpò lọ.

Ìyá Àgbà Ìtòkú:

Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀fàdà ní òórùn tirẹ̀ tí kọ́rì yóò bò mọ́lẹ̀, hóró rẹ̀ kúkurú, ó sì máa ń di ara rẹ̀ mú. Fi í sínú ewé, kí o sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata díndín rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:

Ẹ kú àṣeyọrí gbogbo yín. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàrà kí wọ́n má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ ni. Ìrẹsì tí a sè ní ọjọ́ Àìkú kò yẹ kí ó wà nínú fíríìjì títí di Ọjọ́bọ̀ kí a tó dín in. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bacillus cereus, tó sábà máa ń wà lára ìrẹsì tí a kò tíì sè. Ó máa ń wọ inú èèpo líle kan tí omi híhó kò lè fọ́, bí ìrẹsì sísè bá sì wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, a jáde, a pọ̀ sí i, a sì tu májèlé sínú rẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé májèlé tó ń fa èébì kì í bàjẹ́ bí a bá tún gbé ìrẹsì náà kaná, ìbáà jẹ́ pé ó hó, ìbáà jẹ́ pé ó dín, òórùn ìrẹsì náà sì lè má yí padà rárá.

Ìmọ̀ràn tí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn ará ìlú ni pé kí ìrẹsì tutù kí ó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan tí a sè é tán, kí a lò ó láàárín ọjọ́ kan, kí a má sì ṣe tún un gbóná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọpọ́n fífẹ̀ kí ó tètè tutù. Ìkòkò tí a dé pa lórí kábínẹ́ẹ̀tì ìdáná di òwúrọ̀ ni ibi tí ewu pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá fẹ́ se ti ọ̀sẹ̀ kan, kí ó pín in sínú àpò náílọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n àjẹtán ẹ̀ẹ̀kan, kí ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ó sì jẹ́ kí ó dì nínú fírísà.

Ti iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, fíríìjì tí a kò ṣí ń mú òtútù rẹ̀ dúró fún bíi wákàtí mẹ́rin. Fírísà tó kún lè dé wákàtí 48, èyí tó kún ìdajì lè dé 24. Bí iná bá lọ ní gbogbo òru tí fíríìjì sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ da ìrẹsì náà nù. Mo mọ iye tí àpò ìrẹsì ń jẹ́ lónìí, mo sì ń sọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹran lílọ̀ náà kò dà bí ẹran odidi. Ara òde ẹran odidi ni kòkòrò máa ń wà, iná a sì tètè pa á. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, ohun tó wà lóde ti dàpọ̀ mọ́ inú. Ẹ dín in títí kò fi ní sí pupa kankan nínú rẹ̀; ẹni tó bá ní ohun èlò ìwọnooru, 71 lórí ìwọ̀n Celsius ni kí ó retí. Fífọ̀ kọ́ ni ó ń pa kòkòrò, iná ni.

Ìdáná Ìbàrà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Nọ́ọ̀sì. N kò bínú rárá. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, inú fírísà ni tèmi yóò máa wà. Mo ti dán ìrẹsì dídì wò rí nígbà ìnáwó kan, ó sì ṣeé dà sínú òróró gbígbóná láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yọ́, bí a bá ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nínú náílọ́ọ̀nù tí a sì ń dà á díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Ìbejì Àsérò:

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi ni mo ń dáná fún àwọn ọmọ, a kò sì ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ìrẹsì ti wà lórí iná pẹ̀lú omi tó dín díẹ̀. Bí ó bá jinná, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí ọpọ́n méjì níwájú fáànù fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì ń gé àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì láàárín àkókò náà. Kì í gbẹ tó èyí tó sùn, ṣùgbọ́n ooru ti jáde lára rẹ̀, kì í sì í di túwó.

Òṣìṣẹ́ Òkè-Mọ̀sán:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ní kí n jábọ̀ kí n tó sùn. Ní alẹ́ àná, bí mo ti ń fọ àwo, mo se ife ìrẹsì mẹ́ta pẹ̀lú omi eegun bí Ìyá wa ti wí, mo tẹ́ ẹ, mo sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí kan tó pé. Iná kò lọ. Mo ti gé kárọ́ọ̀tì sílẹ̀ sínú ike. Nígbà tí mo dé lónìí, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo tan gáàsì. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni a jókòó jẹun.

Ìdajì ẹran àkọ́kọ́ tún fẹ́ bọ̀, nítorí pé n kò jẹ́ kí agbada gbóná tó. Mo dúró, mo tẹ́tí, ohùn rẹ̀ yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ, ẹran náà sì pọ́n. Ti ìdajì kejì kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Hóró ìrẹsì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, adùn omi eegun sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi tó kéré jù ni ó kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ tán. Ọlọ́run á bùkún yín.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Abọ́ kan ṣẹ́ kù. Ṣé mo lè gbé e kaná lówùúrọ̀ kí n fi sínú fúláàsì oúnjẹ fún àkọ́bí mi láti gbé lọ sí ilé-ìwé?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà:

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àwọn ọmọ. Ìrẹsì àná ni, dídín tí ẹ dín in lónìí sì ni ìgbóná ẹ̀ẹ̀kan tó ní ẹ̀tọ́ sí. Bí ẹnì kan nínú ilé bá lè jẹ ẹ́ nísinsìnyí, kí ó jẹ ẹ́. Ní ìgbà mìíràn, ẹ bu ìwọ̀n tí yóò tán.

Òṣìṣẹ́ Òkè-Mọ̀sán:

Mo ti gbọ́, mà. Bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo ti gbé e fún wọn. Ife méjì àtààbọ̀ ni n óò sè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.